Ìfò Kan Ṣoṣo fún Òdòdó Ṣẹ́rì

"Ìwọ ẹ̀rọ yìí, tẹ́tí kó o gbọ́ mi dáadáa," ni Màmá wí, wọ́n sì ń fi ìka kan gíláàsì tó wà níwájú wọn. "Mi ò fẹ́ débẹ̀ kí òdòdó ti rẹ̀ dànù. Mi ò sì fẹ́ débẹ̀ kó jẹ́ pé igi gbẹrẹfu ni n ó bá. Ìgbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tàn gan-an ni kó o gbé mi débẹ̀. Àbí o ò gbọ́ Yorùbá ni?"

"Mo gbọ́, Màmá," ni ẹ̀rọ náà dáhùn. Ohùn obìnrin Ẹ̀gbá ni wọ́n fi sínú rẹ̀, ohùn ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń tu àgbàlagbà lójú. "Àmọ́ òdòdó ṣẹ́rì kì í dúró de ènìyàn. Òtútù gbọ́dọ̀ mú igi yẹn dáadáa kó tó lè tanná, òtútù sì ti di ọ̀wọ́n ní Jàpáàn bíi ti ibí. Lọ́dún tó kọjá kò tàn rárá. Lọ́dún yìí òtútù mú un díẹ̀, ó sì ti rudi. Ọkọ̀ òfuurufú tó máa gbéra lọ́jọ́ Àìkú tó ń bọ̀ yìí nìkan ló lè bá a."

"Ọjọ́ mélòó ló máa lò lórí igi?"

"Bí atẹ́gùn ò bá jà, ọ̀sẹ̀ kan. Bí atẹ́gùn bá jà, ó lè má tó bẹ́ẹ̀."

Màmá yíjú sí mi, wọ́n bú sẹ́rìn-ín. "Ìyá Fèyí, ṣé o gbọ́? Òdòdó tí kò lè lo ọ̀sẹ̀ kan lórí igi ni àǹtí rẹ fi ń dà mí láàmú lọ́dọọdún. 'Màmá, ẹ wá wò ó. Màmá, ẹ wá wò ó.' Ó dáa, mò ń bọ̀. Kó má sọ pé mi ò wá."

Èmi náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín àfipáṣe ni. Mo mọ ohun tí ẹ̀rọ yẹn máa bèèrè tẹ̀ lé e.

Abẹ́ àpáta ni wọ́n gbẹ́ Ilé Ìfò sí ní Abẹ́òkúta wa níbí, kí oòrùn má bàa rí i mú. Àwọn ènìyàn jókòó lórí bẹ́ǹṣì, kálukú ń fọwọ́ pa ìlẹ̀kẹ̀ tó wà lọ́rùn ọwọ́ rẹ̀. Ti Màmá ṣì funfun báláú. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ń wò ó títí ojú fi tì í. "Màmá," ló wí, "ẹ ò lò ó rí? Rárá?" Màmá ní, "Kí ni mo fẹ́ fi ṣe tẹ́lẹ̀? Ilé mi ò sí lójú ọ̀run." Ọmọkùnrin náà mi orí. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo láyé ni òfin gbà kí ẹnikẹ́ni fò, àlọ àti àbọ̀. Bó o bá ti lò ó, ìlẹ̀kẹ̀ náà á dúdú, ó tán nìyẹn. Tèmi ti dúdú láti ìgbà tí mo lọ tọ́jú ẹ̀gbọ́n mi tó ń ṣàìsàn ní Kánádà. Ẹni tó bá sì ti pé ọgọ́rin ọdún, wọn á já tiẹ̀ kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, ì báà funfun, ì báà dúdú. Òjò tó ń bọ̀ yìí ni Màmá máa pé ọgọ́rin.

"Ta ni yóò gbà yín lálejò, Màmá?" ni ẹ̀rọ bèèrè. Ó ti dé nìyẹn.

"Ọmọ mi ni. Ìbídùnní. Àwọn arúgbó ló ń tọ́jú níbẹ̀."

"Ẹ kú oríire ọmọ. Kí òun fúnra rẹ̀ lọ mí sínú gíláàsì ní ọ́fíìsì wa tó wà níbẹ̀, kí fèrè ọ̀sán ọ̀la tó dún. Aṣojú ò lè bá a ṣe é o. Èémí alààyè la máa ń gbà."

"Ṣé ìyẹn náà ló le?" Màmá fa ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n máa ń gbé kọ́ ọrùn jáde lábẹ́ bùbá. "Ìbídùn!"

"Màmá mi!" Ohùn náà jáde kedere bí ẹni pé ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ló wà. "Ẹ ti dé Ilé Ìfò?"

"A ti dé o. Wọ́n ní kó o lọ mí sínú gíláàsì wọn níbẹ̀."

"Mo ti gbọ́, Màmá. Ẹ má ṣèyọnu. Ẹ bá mi gbé gaàrí Ìjẹ̀bú dání o, èyí tó kan dáadáa."

"Mo ti bù ú sílẹ̀," ni Màmá wí, inú wọn dùn, wọ́n da ẹ̀rọ náà padà sábẹ́ bùbá, wọ́n sì fọwọ́ bò ó.

Ẹni tó bá gbọ́ ohùn yẹn á búra pé Àǹtí ni. Àǹtí kọ́. Àǹtí ti kú, ó ti ń lọ sí ọdún méjì.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí, kí ẹ má bàa rò pé ìdílé ìkà ni mo fẹ́ ọkọ sí. Kò sẹ́ni tí kò ní aṣojú, ẹ̀dà ara ẹni tó wà nínú ẹ̀rọ, lóde òní. Bó o bá wà lẹ́nu iṣẹ́, aṣojú rẹ ló ń fi ohùn rẹ dá àwọn ènìyàn rẹ lóhùn, ó mọ ọ̀rọ̀ rẹ, ó mọ ẹ̀rín rẹ. Ohun kan ṣoṣo tí òfin kà léèwọ̀ fún un ni irọ́: bí ènìyàn bá bi í ní ìbéèrè gbangba, òótọ́ ló gbọ́dọ̀ fi dáhùn. Nígbà tí Àǹtí kú lójijì níbi iṣẹ́, Bàbá Ìtòkò, tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n ọkọ Màmá àti olórí ìdílé, pe gbogbo wa jọ. Ó ní ọkàn Màmá ò lè gbà á. Ó ní kí ẹnikẹ́ni má sọ ọ́, kí a má sì tíì ní kí wọ́n pa aṣojú náà, kí ó máa bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀ títí a ó fi rí ọ̀nà tú ọ̀rọ̀ náà. Kò sí ohun tuntun níbẹ̀. Láyé àtijọ́ náà, wọ́n máa ń fi òkú ọmọ pa mọ́ fún ìyá tó ti dàgbà, wọ́n á ní ọmọ wà lájò. Àmọ́ láyé àtijọ́, ọmọ tó wà lájò yẹn kì í dáhùn bí wọ́n bá pè é. Oṣù kan di mẹ́ta, mẹ́ta di ọdún. Màmá ò bi aṣojú náà rí pé ṣé ó wà láàyè. Ìyá wo ló ń bi ọmọ rẹ̀ bẹ́ẹ̀?

A padà sílé. Mo fi Màmá sílẹ̀ sábẹ́ ibòji lẹ́yìnkùlé, mo sì wọlé lọ bá ọkọ mi. Ṣówándé lorúkọ rẹ̀, àbúrò Àǹtí ni. Aṣọ alápá gígùn ló wọ̀ nínú ooru yẹn, bó ṣe máa ń wọ̀ ọ́ láti nǹkan bí ọdún méjì yìí, nítorí ìlẹ̀kẹ̀ rẹ̀. Òun ló fò lọ sin ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Màmá rò pé ó lọ ṣiṣẹ́ ní Kánò ni.

"Bàbá Fèyí, ọ̀rọ̀ ti bẹ́yìn yọ," ni mo wí. "Èémí ni wọ́n fẹ́. Bó bá di ọ̀la tí èémí ò dé, iwájú gbogbo ayé ni ẹ̀rọ yẹn ti máa sọ fún ìyá yín pé òkú ni wọ́n ń wá kiri. Ẹ lọ sọ fún wọn lónìí."

Ó jókòó, ó di orí mú. "Ẹnu mi ò lè sọ ọ́."

"Ẹnu ta ló máa wá sọ ọ́?"

Bàbá Ìtòkò ni a pè. Aṣojú rẹ̀ ló dáhùn, ó ní Bàbá ń sinmi. Mo ní kó jí wọn. Ó ní kí ni kí òun sọ pé ó ṣẹlẹ̀. Mo ní kó sọ pé ilé ń jó. Kò pẹ́ tí Bàbá fúnra rẹ̀ fi dé orí ẹ̀rọ.

"Ilé ta ló ń jó?"

"Ilé gbogbo wa ni, Bàbá," ni mo wí, mo sì ro gbogbo rẹ̀ fún un.

Bàbá Ìtòkò ní, "Ẹ sọ fún un pé òdòdó náà ò ní tàn mọ́. Ṣebí kò tàn lọ́dún tó kọjá? Ọ̀rọ̀ tán. Kó tó di ọdún tó ń bọ̀, wọ́n ti já ìlẹ̀kẹ̀ kúrò lọ́wọ́ rẹ̀."

"Bàbá, irọ́ mìíràn tún kẹ̀?"

"Ìyàwó, jẹ́ kí n bi ọ́. Níbo ni wọ́n sin ọmọ yẹn sí? Ṣówándé, sọ fún un."

Ọkọ mi gbé orí sókè. "Abẹ́ igi ṣẹ́rì ni. Ilẹ̀ ò sí níbẹ̀ mọ́. Orí òkè kan ni wọ́n ń sin gbogbo wọn sí, igi kan fún òkú kan. Kò sí òkúta, kò sí orúkọ."

"Òkè yẹn kan náà tí ìyá rẹ̀ fẹ́ fò lọ wò! Bí ẹ bá sọ fún un, ẹ ò lè dá a dúró. Á lọ dúró lórí sàréè ọmọ rẹ̀. Èèwọ̀ ni! Òbí kì í mọ ojú oórì ọmọ. Kì í ṣe ní ojú mi ni a ó ti ba nǹkan jẹ́. Ẹ sọ pé òdòdó ò tàn. Kí ìyàwó lọ sọ ọ́, òun ló mọ ọ̀rọ̀ sọ."

Èmi kẹ̀! Nínú ọmọ, nínú ẹ̀gbọ́n, nínú gbogbo ìdílé tó pọ̀ lọ jàra yìí, ìyàwó ilé ni wọ́n rí rán. Bí ọ̀rọ̀ bá dùn, wọ́n á ní ìyàwó, lọ sí ilé ìdáná. Bó bá korò, wọ́n á ní ìyàwó ló mọ ọ̀rọ̀ sọ. Inú bí mi gan-an. Àmọ́ mo tún rò ó pé bóyá Bàbá gba ọ̀rọ̀ sọ. Obìnrin tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé ọgọ́rin ọdún, tó ń jẹun, tó ń rẹ́rìn-ín, tí ọmọ rẹ̀ ń dá lóhùn láràárọ̀. Kí ló dé tí n ó fi jẹ́ ẹni tó máa gba ìyẹn lọ́wọ́ rẹ̀? Bí mo bá parọ́ kan yìí, ó lè máa dunnú bẹ́ẹ̀ títí yóò fi lọ. Mo yọ sí ẹ̀yìnkùlé.

Màmá ti tẹ́ àdìrẹ ẹlẹ́kọ kan sórí ẹní, wọ́n ń fọwọ́ nà án. Àwọn fúnra wọn ló rẹ ẹ́ nínú aró, wọ́n ní èyí làwọn máa ró lọ́jọ́ táwọn bá dúró lábẹ́ òdòdó náà. Ẹ̀rọ kékeré náà wà lórí itan wọn, ó ń bá wọn sọ̀rọ̀.

"Ṣé funfun ni òdòdó yẹn àbí pupa?"

"Ó funfun, Màmá, àmọ́ ó fi díẹ̀ pọ́n bí inú àtẹ́lẹwọ́ ọmọ tuntun."

"Aró mi á yọ lábẹ́ rẹ̀ nìyẹn," ni Màmá wí. Wọ́n rí mi. "Ìyá Fèyí, wá bá mi ká a."

Mo kúnlẹ̀, mo mú etí aṣọ kan. "Màmá," ni mo wí, mi ò wojú wọn, "wọ́n ránṣẹ́ láti Ilé Ìfò. Wọ́n ní òdòdó ọ̀hún ò ní tàn mọ́. Wọ́n ní òtútù ò tó."

Ọwọ́ wọn dúró lórí aṣọ. "Ṣebí àárọ̀ yìí ni wọ́n ní ó ti rudi?"

"Ojú ọjọ́ ló yí padà, Màmá."

Wọ́n wò mí fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n wá mú ẹ̀rọ kékeré náà. "Ìbídùn, òdòdó tó wà lọ́dọ̀ yín, ṣé ó máa tàn àbí kò ní tàn?"

"Ó máa tàn, Màmá," ni aṣojú dáhùn tayọ̀tayọ̀. "Àwọn tó wà nísàlẹ̀ òkè ti ń là. Ẹ tètè máa bọ̀ o."

Yéè! Mo gbàgbé. Mo bá ọkọ mi gbàgbé, mo bá Bàbá Ìtòkò gbàgbé. Odidi mẹ́ta wa, kò sẹ́ni tó rántí pé ẹni tí a fi ń tan Màmá ò mọ irọ́ pa.

Màmá ò bínú. Ìbá sàn kí wọ́n bínú. Wọ́n ní, "Ìyá Fèyí, láti ọjọ́ tó o ti wọ ilé yìí, o ti kùn sí mi rí, o ti yájú sí mi rí. O ò parọ́ fún mi rí."

Mo fi etí aṣọ náà sílẹ̀.

"Ó ń lọ sí ọdún méjì tí Ìbídùn ti bá mi jà kẹ́yìn," ni wọ́n wí. Ohùn wọn lọ sílẹ̀. "Ọmọ tí mo bí, tí a kì í sọ̀rọ̀ tán kó má bínú pa ẹ̀rọ mọ́ mi létí. Mo ní kó fẹ́ ọkọ, ó ní 'Mo ti gbọ́, Màmá.' Mo ní iṣẹ́ arúgbó yẹn á mú un gbó lọ́jọ́ orí kékeré, ó ní 'Ẹ ṣeun, Màmá.' Ìbídùn! Mo sọ fún ara mi pé ọgbọ́n ló dé. Mo ní, ọmọ mi ti dàgbà." Wọ́n gbé ẹ̀rọ náà sún mọ́ ẹnu, wọ́n la ẹnu, mo sì mọ ohun tí wọ́n fẹ́ bi í. Mo mọ ohun tí yóò dáhùn.

Àmọ́ wọn ò bi í. Wọ́n tú gèlè orí wọn, wọ́n fi wé ẹ̀rọ náà wéréwéré bí ẹni ń wé ọmọ, wọ́n sì gbé e jìnnà sórí ẹní.

"Rárá. Ẹ̀rọ kọ́ ló máa túfọ̀ ọmọ mi fún mi. Ìwọ tó o jẹ́ ènìyàn, tó o ti rọbí rí, ìwọ ni kó o sọ ọ́."

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́."

"Sọ ọ́."

"Àǹtí ti lọ, Màmá."

"Lọ síbo? Sọ ọ́ dáadáa kí n gbọ́."

"Àǹtí ti kú, Màmá. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ mi ti kú." Bí mo ṣe ń pè é nìyẹn, torí ìyàwó kì í pe ọmọ ọkọ lórúkọ. Ẹkún gbọ̀n mí. "Ó ṣubú lẹ́nu iṣẹ́. Wọn ò lè jí i."

Ẹ ò gbọ́ irú igbe yẹn rí. Kò ga. Láti ìsàlẹ̀ ikùn ló ti ń bọ̀, ohùn tí mo gbọ́ lẹ́nu ara mi lọ́jọ́ tí mo bí Fèyí. Wọ́n ṣubú sórí àdìrẹ náà, wọ́n ń fi ọwọ́ gbá ilẹ̀. "Mo gbé o! Ìbídùn, ìwọ lo yẹ kó o sin mí! Ta ni mò ń bá sọ̀rọ̀? Ta ni mo bu gaàrí sílẹ̀ fún?" Ọkọ mi sáré jáde, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Màmá fà á lọ́wọ́, wọ́n ti apá aṣọ rẹ̀ sókè. Ìlẹ̀kẹ̀ dúdú náà yọ síta.

"Ìwọ lo sin ín?"

"Èmi ni, Màmá."

Wọn ò lù ú. Wọn ò ṣépè. Wọ́n kàn di ọwọ́ rẹ̀ yẹn mú, wọn ò sì jẹ́ kó lọ títí ilẹ̀ fi ṣú.

Àárọ̀ kùtù ni Bàbá Ìtòkò dé, òun fúnra rẹ̀, kì í ṣe aṣojú. Ó bá Màmá lórí ẹní, láìwé gèlè, wọn ò tíì fi omi kan ẹnu. Ó ṣe é ní pẹ̀lẹ́, ó ní Ọlọ́run á dá àwọn tó kù sí. Màmá gbọ́ ọ tán, wọ́n ní, "Bàbá, ẹ ṣeun. Ẹ sún díẹ̀, mo fẹ́ dìde lọ wẹ̀. Mo fẹ́ tètè dé Ilé Ìfò kí fèrè tó dún."

"Láti lọ ṣe kí ni?"

"Láti lọ wo òdòdó."

"Ìyá Ìbídùn! Èèwọ̀ ni!"

"Mo mọ̀ ọ́n léèwọ̀, Bàbá. Ẹ̀yin kọ́ lẹ kọ́ mi." Wọ́n yíjú sí ọkọ mi. "Ṣówándé. Igi orí òkè yẹn, ṣé wọ́n pọ̀?"

"Wọ́n pọ̀ lọ súà, Màmá. Ojú ò lè tó òpin wọn."

"Ṣé wọ́n jọra?"

"Kò sí ìyàtọ̀ kankan. Bí wọn ò bá fi hàn yín, ẹ ò lè mọ̀ ọ́n."

"Ìwọ mọ̀ ọ́n?"

Ọkọ mi ń sunkún. "Mo mọ̀ ọ́n, Màmá. Ó wà ní—"

"Pa ẹnu rẹ mọ́!" Màmá ké mọ́ ọn, gbogbo wa ta gìrì. "Mo fi ọmú tó o mu bẹ̀ ọ́. Má fi ẹnu sọ ọ́ fún mi, má fi ojú sọ ọ́. Kí ó bá ọ kú. Òbí kì í mọ ojú oórì ọmọ. Ó dáa, mi ò ní mọ̀ ọ́n. N ó máa rìn láàárín gbogbo wọn. Èyí tí mo bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, n ó kí i, n ó sì kọjá."

Bàbá Ìtòkò mi orí. "Bí ẹsẹ̀ rẹ bá wá ṣèèṣì gbé ọ débẹ̀ ńkọ́?"

"Bí ẹsẹ̀ mi bá gbé mi débẹ̀ tí èmi ò mọ̀, Bàbá, ta ló máa bá mi wí?"

Bàbá Ìtòkò ṣí fìlà rẹ̀, ó sì gbé e lé orúnkún. Nígbà tí a ń jáde, òun ló di ilẹ̀kùn mú fún Màmá.

Ẹ̀rọ àná ló tún kí wa ní Ilé Ìfò. Ọkọ mi ló sọ fún un pé olùgbàlejò ti kú, ó sì sọ òkè tí wọ́n sin ín sí. Ẹ̀rọ náà rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀.

"Ẹ kú ọ̀rọ̀ ènìyàn, Màmá. Àwọn tó ń ṣọ́ òkè náà lè mí dípò ọmọ yín, wọ́n ti gbà. Ní ti aṣojú, a máa pa á lónìí, bí òfin ṣe wí. Ṣé ẹ fẹ́ bá a sọ̀rọ̀ kó tó lọ?"

Màmá fọwọ́ kan ẹ̀rọ tó ṣì wà nínú gèlè lábẹ́ apá wọn. "Rárá. Àmọ́ bá mi kí i. Kò ṣe mí ní ibi kankan. Ó bá mi sọ̀rọ̀ nígbà tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀."

"Mo ti kí i, Màmá. Bí ẹ bá dé orí òkè náà, iná atọ́nà kan á máa tàn nílẹ̀ níwájú yín títí ẹ ó fi dé abẹ́ igi ọmọ yín gan-an."

"Pa iná yẹn."

"Màmá, bí kò bá sí iná, ẹ ò ní mọ igi rẹ̀."

"Ohun tí mo ń wí nìyẹn."

"Ẹ má bínú, Màmá. Kò yé mi."

"Kò lè yé ọ. O ò bímọ rí."

"Mo ti pa iná náà. Ta ni yóò tẹ̀ lé yín?"

Màmá wo ọwọ́ ọmọ wọn, wọ́n wo ọwọ́ mi. Dúdú, dúdú. "Èmi nìkan ni," ni wọ́n wí, wọ́n sì ti ọwọ́ bọ inú gíláàsì. Nígbà tí wọ́n fa ọwọ́ jáde, ìlẹ̀kẹ̀ náà ti dà bíi tiwa.

Bí a ṣe fẹ́ jáde ni fèrè ọ̀sán dún, wọ́n sì ti ilẹ̀kùn, kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ bọ́ sínú oòrùn yẹn. A jókòó lórí bẹ́ǹṣì, Màmá láàárín. Ọkọ mi ò lè gbé ojú sókè, ó ń bẹ̀rù kí ojú rẹ̀ má lọ sọ nǹkan.

"Ṣówándé," ni Màmá wí nígbà tó yá, jẹ́jẹ́. "Wo ojú mi. Ohun kan wà tí mo lè bèèrè tí kì í ṣe èèwọ̀. Ta ló wẹ̀ ẹ́?"

"Àwọn ìyá arúgbó tó ń tọ́jú ni, Màmá. Wọ́n ní kò sẹ́lòmíì tó máa fọwọ́ kàn án."

"Wọ́n wẹ̀ ẹ́ dáadáa?"

"Wọ́n wẹ̀ ẹ́ dáadáa. Wọ́n fi ọṣẹ pa á lára pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Wọ́n ń kọrin."

"Irú omi wo?"

"Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ni, Màmá."

Màmá mi orí, omi ń dà lójú wọn, wọn ò nù ún. "Ó dáa," ni wọ́n wí. "Ó dáa bẹ́ẹ̀. Láti kékeré ni kì í ti í fẹ́ omi tútù."